Ọ̀ṣunlọlá La Igbó Ọ̀gànwó Já

Ní ilé ìyá mi ní Àrẹ̀mọ nílùú Ìbàdàn, bí ẹnì kan bá ń ráhùn pé ọ̀nà kan jìn, ẹlòmíràn á bi í pé, "Ṣé ó jìn tó ti Ọ̀ṣunlọlá?" Onítọ̀hún á sì dákẹ́. Àwọn ọmọ òde òní ń sọ ọ́ láìmọ ibi tó ti wá, wọ́n tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Inú máa ń bí mi. Orúkọ ènìyàn kì í ṣe ohun àfiṣeré, pàápàá orúkọ obìnrin tó tọ́ ìyá mi dàgbà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe rí, bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, àti bí Kúbúrá ará Bẹyẹrúnká, tó bá wọn rìn ín, ṣe tún un sọ nígbà tó ti darúgbó tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́.

Alájàpá ni Ọ̀ṣunlọlá. Alájàpá kì í jókòó sídìí àtẹ. Á ru iyọ̀ àti aṣọ láti Ọjà'ba lọ sí àwọn ìlú oko, á tà wọ́n níbẹ̀, á ra obì àti irú, á sì tún ru ìyẹn padà wá sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní àkókò tí mò ń wí yìí, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ àti ibi tí Ọ̀ṣunlọlá ń lọ kò papọ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń yára rìn débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kó máa lọ, kó lọ jókòó dè wọ́n níwájú.

Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Dálémosú ni wọ́n ń pè é, ìyẹn obìnrin tó kúrò nílé ọkọ tó padà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ pè é lójú rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò gùn ṣùgbọ́n ó mú. Èmi ìbá wà níbẹ̀ nígbà náà, ǹ bá bá wọn fa á.

Bí ó ṣe di dálémosú nìyí. Nígbà tó wà ní wúńdíá, tí ogun Kírìjì kò tíì tán, wọ́n fà á fún ọkọ ní Ìdí-Ọ̀gànwó, ìlú kékeré kan ní òdì kejì Igbó Ọ̀gànwó. Ọ̀nà tó yí igbó náà po ni wọ́n mú un gbà. Àwọn àgbà tó sìn ín lọ sọ pé ilẹ̀ kò ní í ṣú kí wọ́n tó dé. Òjò rọ̀, odò kún, wọ́n sì sùn sí ahéré kan lójú ọ̀nà. Èèwọ̀ ni lágbolé ọkọ rẹ̀. Ìyàwó wọn kì í sùn lójú ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀, kí ìyáálé ilé bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó tó wọlé. Nígbà tí Ọ̀ṣunlọlá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyáálé ti dúró pẹ̀lú igbá omi. Ó bèèrè ibi tí wọ́n sùn. Wọ́n sọ fún un. Ó da omi náà sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Omi ilé wa kì í kan ẹsẹ̀ tó sùn lójú ọ̀nà," ó ní.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú ìyàwó náà gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí iṣu bá jóná, ẹsẹ̀ Ọ̀ṣunlọlá ni. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí kò bímọ, wọn kò tilẹ̀ wádìí mọ́, wọ́n ti mọ ẹsẹ̀ tó fà á. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kì í bá wọn sọ ọ́, nígbà tí ọkùnrin náà sì kú, Ọ̀ṣunlọlá di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Àrẹ̀mọ. Yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fún un.

Ọ̀jẹ̀wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni baálé agbolé. Ìyàwó rẹ̀ kan kú, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀, Ifátóyìn. Ọ̀ṣunlọlá gbé ọmọ náà pọ̀n, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi lè rìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà wà lọ sí Ọjà'ba, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà lọ sí Bẹẹrẹ. Nígbà tó dàgbà, ó di ẹni tó ń ran Ọ̀ṣunlọlá, ìyá rẹ̀, lọ́wọ́ lójà. Ọmọ náà ni ìyá tó bí mi.

Oríta-mẹ́rin ni Ifátóyìn ti pàdé Oyèdélé tó ń kó obì wá tà. Ọmọkùnrin dáadáa ni, ó lọ́wọ̀, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó, wọ́n dárúkọ ìlú wọn, Ìdí-Ọ̀gànwó. Wọ́n dárúkọ agbolé wọn. Agbolé ọkọ Ọ̀ṣunlọlá àtijọ́ ni.

Ọ̀jẹ̀wálé kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn àlejò náà lọ jìnnà kó tó fi ìbínú sọ̀rọ̀.

"Ilé tó da omi ẹsẹ̀ rẹ nù lójú rẹ?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Ilé yẹn ni kí n tún fa ọmọ mi lé lọ́wọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ náà fẹ́ ẹ," ni Ọ̀ṣunlọlá wí. "Gbogbo ilé kọ́ ló da omi. Ọwọ́ kan ló dà á. Ẹ jẹ́ kó lọ. Èmi gan-an ni n ó sìn ín lọ. Inú igbó la máa gbà, oòrùn kò sì ní í wọ̀ bá wa lọ́nà."

"Inú igbó wo?"

"Igbó Ọ̀gànwó. Bí ènìyàn bá là á já, òjò kì í dí ọ̀nà rẹ̀, ó sì kúrú ju ọ̀nà àyíká lọ."

Ọ̀jẹ̀wálé wo àbúrò rẹ̀ títí. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ìdí tí inú fi ń bí i nìyẹn.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí oòrùn bá wọ̀ bá yín lọ́nà, ẹ yí padà níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mi ò ní í fi ọmọ mi ṣe ẹlẹ́yà kejì. Ọmọ náà ò ní í fẹ́ Oyèdélé mọ́, ìwọ náà ò sì ní í bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ kankan mọ́ nínú ilé yìí."

"Mo gbà," ni Ọ̀ṣunlọlá dáhùn.

Igbó Ọ̀gànwó kì í ṣe igbó tí à ń mú ìyàwó gbà. Àwọn ọdẹ ló ni ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn igi rẹ̀ ti wà kí Ìbàdàn tó dìlú, ọ̀gànwó tí inú wọn pọ́n bí osùn, tí ìdí wọn fẹ̀ ju yàrá lọ. Ìjọba òyìnbó ti gba igbó náà sábẹ́ àṣẹ nígbà náà, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Òkè àti gegele ló pọ̀ nínú rẹ̀, odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ìjàlọ sì wà níbẹ̀ tó lè jẹ ewúrẹ́ tán láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ là á já lóòjọ́, tòun ti ẹrù àti ìyàwó, ó yẹ kó jókòó rò ó dáadáa.

Ọ̀ṣunlọlá jókòó, ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ rìn ín wò. Òun àti Kúbúrá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àjàpá, ni wọ́n jọ lọ. Kúbúrá fẹ́ràn ẹ̀rín, ó sì lè bá kòtò sọ̀rọ̀ bí kò bá rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀gànwó ńlá kan láàárín igbó, ó gbójú sókè títí gèlè rẹ̀ fi bọ́.

"Ọ̀ṣun, ta ló gbin eléyìí?" ó ní. "Ọlọ́hun tóbi o. Bí mo bá ní irú igi yìí lẹ́yìnkùlé, mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ láyé."

"Wo ibi tí oòrùn wà," ni Ọ̀ṣunlọlá dá a lóhùn.

Ibi tí Kúbúrá ti ń wo igi, oòrùn ni òun ń wò. Igi àràbà kan ti wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gànwó náà, ó sì ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀. Ọ̀ṣunlọlá kò ní aago, ṣùgbọ́n ó rí i pé bí oòrùn bá wà lójú àlàfo náà gan-an tó ń tàn sí gbòǹgbò igi, ẹni tó wà níbẹ̀ á jáde nínú igbó kí ọ̀sán tó bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ pín gbogbo ọ̀nà náà. Kí wọ́n kúrò ní bodè nígbà tí àwọn ará oko bá ń kó ẹ̀fọ́ wọ̀lú bọ̀. Kí wọ́n dé odò kí ìrì tó gbẹ lórí ewé. Kí wọ́n jẹun nídìí ọ̀gànwó nígbà tí oòrùn bá wà lórí gbòǹgbò. Ẹ̀ṣọ́ igbó sọ fún un pé rírìn kò léèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí dáná. Nítorí náà oúnjẹ tútù ni wọ́n máa gbé, ẹ̀kọ, àkàrà líle, ẹ̀pà yíyan àti àádùn. Eérú tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ wà fún ìjàlọ, àdín wà láti fi pa ẹsẹ̀, omi wà nínú kèrègbè.

Àwọn tó máa bá wọn lọ ló wá di ìjọ̀ngbọ̀n. Gbogbo agbolé ló fẹ́ sin ìyàwó. Ta ni yóò sọ fún ìyàwó baálé pé ó sanra jù? Ọ̀ṣunlọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ bá òun ru omi gun òkè Mápó láàárọ̀, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láìdúró. Àwọn kan dúró mí. Àwọn kan kò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé ojúlùmọ̀, wọ́n gbé omi kalẹ̀, wọ́n ń kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń béèrè ìyá, wọ́n ń béèrè àbúrò. Nígbà tí wọ́n fi kí ara wọn tán, Ọ̀ṣunlọlá ti dé ilé. Kò bá wọn wí. Ó ní wọ́n káre, kí wọ́n dúró bá òun ṣọ́lé. Àwọn obìnrin díẹ̀ tó rìn láìdúró ló mú, Kúbúrá sì wà lára wọn, ó ń kí ènìyàn ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró.

Ohun kan ló kù, ẹkún ìyàwó. Ní ilé wa, àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó ń lọ ló máa ń sun ún. Á lọ láti ojúlé dé ojúlé, á kúnlẹ̀, á sunkún kí àwọn àgbà, wọ́n á súre fún un. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kán an lójú. Ọ̀ṣunlọlá mọ̀ pé bí ó bá di àárọ̀, oòrùn á ga kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó bẹ àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, títí wọ́n fi gbà kí Ifátóyìn sun ẹkún náà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ifátóyìn sun ún. Ó lọ sí gbogbo ojúlé tí Ọ̀ṣunlọlá kà fún un, kò fo ọ̀kan. Gbogbo ètò ti parí, bí ojú ti rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, àkùkọ kọ, wọ́n gbé ẹrù. Ọ̀jẹ̀wálé dúró láàárín agbolé pẹ̀lú ìbora lọ́rùn. Ọ̀ṣunlọlá ti kọjú sọ́nà nígbà tó rí i pé ìyàwó kò tẹ̀ lé òun. Ifátóyìn ti yí padà. Ó ń lọ sí yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀ṣunlọlá rò pé ó gbàgbé nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wọlé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó sì bú sẹ́kún.

"Mo kí gbogbo ojúlé lánàá, mo fo ojúlé kan,
Ojúlé tí mo fò ni mo ti jẹun dàgbà.
Ìyá tí kò lóyún mi, tó gbé mi pọ̀n,
Ẹ̀yìn yín ni mo ti mọ ọ̀nà Ọjà'ba,
Ẹ̀yìn yín ni mo ti mọ òkè Mápó.
Wọ́n ní ẹ ò bímọ, èmi wá ńkọ́?
Ẹ wá jókòó, kí ẹ súre fún mi,
Mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá bí àlejò."

Àwọn ènìyàn ń jáde láti inú yàrá wọn. Ẹni tí wọ́n bá ń sunkún kí gbọ́dọ̀ jókòó, kó gbọ́ ọ tán, kó sì súre. Ọ̀ṣunlọlá sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wá jókòó lórí àloro rẹ̀. Ó ti ka gbogbo ojúlé tó wà nínú agbolé, ó gbàgbé tirẹ̀. Ó ti jókòó rí nígbà tí wọ́n ń sun ẹkún fún àwọn obìnrin mìíràn, ó mọ ohun tí àwọn ìyá máa ń sọ, ṣùgbọ́n kò wá sí i lọ́kàn rí pé wọ́n lè sun ún fún òun. Ìyá mi ní omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ọ̀jẹ̀wálé náà kọjú sí ògiri. Ifátóyìn sun ẹkún náà títí, kò fi ohunkóhun pamọ́, kò sì yára.

Nígbà tó parí, Ọ̀ṣunlọlá gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọmọ mi," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ á bá ire pàdé. Dìde, ká lọ."

"Ọ̀ṣun," ni Kúbúrá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "oòrùn ti wà lórí Mápó."

"Mo rí i."

Àwọn ará oko tó ń kó ẹ̀fọ́ wọ̀lú ti wọ̀lú tán kí wọ́n tó dé bodè. Nígbà tí wọ́n dé odò, kò sí ìrì lórí ewé kankan. Ọ̀ṣunlọlá kàn ń fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i ni. Igbó náà tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, àgbìgbò ń ké lókè. Ìyàwó ń rìn láàárín, ó káṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Níbì kan ìjàlọ tò kọjá lọ́nà, wọ́n da eérú àti iyọ̀ sí i, wọ́n sì fò ó. Wọ́n gun gegele kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gun òmíràn. Kúbúrá pàápàá kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀gànwó ńlá, oòrùn ti kúrò lórí gbòǹgbò. Ó ti lọ sí òdì kejì àlàfo náà, ó ń tàn sára ewé. Àwọn obìnrin jókòó, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí Ọ̀ṣunlọlá mọ̀. Ó dúró, ó ń wo oòrùn, lẹ́yìn náà ó ń wo ẹrù. Igbá fínfín, ìkòkò, aṣọ òkè tó ti ń ra jọ fún Ifátóyìn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wúwo.

"Ẹ kó ẹrù sí abẹ́ gbòǹgbò," ó ní. "Ibí la máa fi í sí."

"Kí ìyàwó wọlé lọ́wọ́ òfo?" ni Kúbúrá pariwo. "Wàhálà dé! Kí ni wọ́n máa sọ?"

"Ẹrù lè sùn lójú ọ̀nà," ni Ọ̀ṣunlọlá dáhùn. "Ìyàwó ni kò lè sùn."

Alájàpá kì í jáde láìmú ààlè dání. Ẹ̀rí ọwọ́ olóhun ni ààlè, bí wọ́n bá fi sórí ẹrù, ẹni tó bá jí i ti fi orí ara rẹ̀ gba èpè. Ọ̀ṣunlọlá yọ tirẹ̀ nínú àpò, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín àti akísà pupa tí wọ́n so mọ́ okùn kan. Ó gbé e kọ́ sórí ẹrù náà, ó sì kọjú sí ọ̀nà. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn ẹ̀yin òǹkàwé má baà dúró síbẹ̀: àwọn ará ilé bàbá mi lọ kó ẹrù náà lọ́jọ́ kejì, ṣíbí kan kò sọnù níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lórí ìrìn. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ibi pẹ̀tẹ́lẹ̀, Ọ̀ṣunlọlá tó wà níwájú dúró lójijì, ó fọwọ́ di igi mú.

"Kí ló dé?" ni Kúbúrá bi í.

"Gbòǹgbò ni."

Ó sì ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò tún béèrè. Ìyá mi ní òun rí i pé ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ fúyẹ́ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò dẹ ìrìn rẹ̀, òun náà kò sì lè béèrè, nítorí pé òun ló fi ẹkún jẹ àkókò wọn.

Nígbà tí wọ́n jáde nínú igbó, oòrùn ti dé orí ọ̀pẹ. Ìdí-Ọ̀gànwó wà níwájú wọn. Àwọn ará ìlú rí wọn lókèèrè, ariwo sì sọ, nítorí pé ọ̀nà àyíká ni gbogbo wọn ń wò, wọn kò retí ìyàwó láti inú igbó. Oyèdélé kò sí níbẹ̀, ọkọ kì í dúró de ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó dúró níbẹ̀ ni ìyáálé. Obìnrin náà ti di arúgbó, ó tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣunlọlá mọ̀ ọ́n. Igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà náà kan náà ni.

Ìyáálé wo oòrùn. Ó wo Ifátóyìn tó ti borí. Kò wo Ọ̀ṣunlọlá.

"Ẹ kú ọ̀nà," ó ní. "Ẹ ti dé lásìkò. Ìyàwó, mú ẹsẹ̀ rẹ wá."

Ifátóyìn kò mú ẹsẹ̀ wá. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́," ó ní láti abẹ́ ìborùn. "Ẹ kọ́kọ́ bu omi sí ẹsẹ̀ ìyá mi. Wọ́n ti débí ṣáájú mi. Ẹsẹ̀ wọn ò tíì kan omi."

Oòrùn ti wọ àárín imọ̀ ọ̀pẹ.

"Ifátóyìn, wọlé!" ni Ọ̀ṣunlọlá wí, ẹ̀rù hàn nínú ohùn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Oòrùn ń lọ. Má ṣe ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mú ẹsẹ̀ rẹ wá!"

"Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè," ni Ifátóyìn dáhùn. Kò sì sún.

Ìyá mi yìí kan náà ni, tó jẹ́ pé bí mo bá pẹ́ lọ́jà díẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé á gbóná. Ó dúró síbẹ̀, ó fi oòrùn àti ọkọ àti gbogbo rẹ̀ sí ewu, nítorí igbá omi kan. Mo máa ń rò ó, orí mi á sì wú.

Ìyáálé wo igbá ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tó da omi sí nígbà kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó sì bu omi sí ẹsẹ̀ Ọ̀ṣunlọlá. Omi tó ṣàn lọ pọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹ̀gún wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀, ó gùn bí abẹ́rẹ́ onídìrí, ó sì ti wọlé jìnnà.

"Láti ibo lo ti ń fi eléyìí rìn?" ó bi í.

"Láti inú igbó."

Arúgbó náà fi èékánná fa ẹ̀gún yọ. Ó tún bu omi sí i, ó fi ìró ara rẹ̀ nù ún gbẹ, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀," ó ní. "Ó pẹ́ tí ó ti yẹ kí a kí ọ. Wọlé."

Ọ̀ṣunlọlá gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bu omi sí ẹsẹ̀ ìyá mi, òun náà sì wọlé.

Títí di òní, àwọn kan wà nílé bàbá mi tó ń sọ pé oòrùn ti wọ̀ tán kí ìyá mi tó tẹ ẹsẹ̀ sínú ilé. Wọ́n ń purọ́. Ìyáálé fúnra rẹ̀ sọ ọ́ títí ó fi kú pé oòrùn kò tíì wọ̀, òun ló sì ni èèwọ̀ náà, òun ló mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi. Yàrá iwájú ni Ọ̀ṣunlọlá sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà.